Àpótí Pupa Lórí Gèlè

"Ọmọ mi, ṣé gèlè ni mo ní kí o yà ni?"

Lọ́dún 2016 ni ìyá ìyàwó kan bi mí ní ìbéèrè yẹn, nínú pálọ̀ wọn n'Íbàdàn, lọ́jọ́ tí mo gbé álúbọ́ọ̀mù ìgbéyàwó ọmọ wọn lọ fún wọn. Wọn ò bínú. Ká ní wọ́n bínú ni, ì bá sàn fún mi. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, tí wọ́n na ìka sí fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n dá yà, èyí tí wọ́n ní kí n bá àwọn fẹ̀ dáadáa kí àwọn lè gbé e kọ́ ògiri. Gèlè aṣọ òkè tó wà lórí wọn mú débi pé èèyàn lè ka òwú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú wọn ńkọ́? Bàìbàì ni, bí ojú ẹni tí a ń wò látẹ̀yìn gíláàsì tí èéfín omi gbígbóná ti bò.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní ẹ má bínú, Mà, lẹ́ǹsì ló fà á.

Irọ́ ni, ṣùgbọ́n n ò mọ̀ nígbà náà pé irọ́ ni mo ń pa. Kámẹ́rà Canon EOS 6D àlòkù kan ni mo ń lò, pẹ̀lú lẹ́ǹsì 85mm tó ń ṣí dé f/1.8, mo sì ti ń fura sí lẹ́ǹsì yẹn tipẹ́. Bí fọ́tò mẹ́wàá bá wà, méje á dára, mẹ́ta á ṣe bàìbàì níbi tó yẹ kó mú, á wá mú níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní kó mú: etí, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, abẹ̀bẹ̀, bọ́tìnnì agbádá. Mo ti dá iná gbọ̀ngàn lẹ́bi rí. Mo ti dá àwọn tí kì í dúró jẹ́ẹ́ lẹ́bi. Lọ́jọ́ kan mo tiẹ̀ sọ fún ẹnì kan pé jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ló ń gbọn ilẹ̀ tí mo dúró lé. Ẹni náà wò mí títí, kò fèsì.

Nígbà tó yá mo ta lẹ́ǹsì náà fún ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ya òde. Mo sọ àléébù rẹ̀ fún un kí ó má baà ní mo tan òun. Ó ní kò burú, ó sì san owó tí kò tó nǹkan. Mo fi owó lé e, mo ra òmíràn. Oṣù kan ò tíì pé tí òmíràn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí ya gèlè.

Ọmọṣẹ́ mi ló là mí lójú. Ọmọ náà fẹ́ràn àtimáa tú páálí. Ẹni tó ta kámẹ́rà fún mi kó páálí rẹ̀ mọ́ ọn, mo sì ti gbé páálí yẹn sórí kọ́bọ́ọ̀dù láti ọjọ́ tí mo ti rà á, n ò wo inú rẹ̀ rí. Sídíì kan wà níbẹ̀, sọ́fítíwíà Canon tí wọ́n ń pè ní Digital Photo Professional wà lórí rẹ̀. Àwa ayàwòrán òde kì í ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Lightroom ni gbogbo wa fi ń tún fọ́tò ṣe. Sọ́fítíwíà tó bá kámẹ́rà wá ọ̀fẹ́ dà bíi ṣíbí rọ́bà tí wọ́n fi sínú oúnjẹ àgbégbà, èèyàn á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wẹ ọwọ́ rẹ̀ jẹun.

Alẹ́ ọjọ́ kan, iná ti lọ, láptọ́ọ̀pù ku díẹ̀ kó kú, ni mo gbọ́ tó pè mí.

"Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan."

Fọ́tò ìyá ìyàwó ló ṣí. Ó lọ sínú mẹ́nù tó wà lókè, ó tẹ ibì kan, àpótí kéékèèké mọ́kànlá sì yọ jáde lórí fọ́tò náà, wọ́n tò bíi káàdì dáyámọ́ńdì. Mẹ́wàá ò ní àwọ̀ gidi kan. Ọ̀kan pupa. Èyí tó pupa yẹn wà láàárín gbùngbùn, níbi tí ìṣẹ́po gèlè ti kan iwájú orí. Kò sí nítòsí ojú wọn rárá.

"Ọ̀gá, kámẹ́rà ò ṣẹ̀ o. Ibi tí ẹ ní kó wò ló wò."

Mo ní mo fẹ́ lọ mu omi.

Kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kì í ṣe ayàwòrán. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì kámẹ́rà dé ìdajì, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó máa gbájú mọ́. Ó ní àwọn ibì kan pàtó tó fi ń wò ó. Ojú fókọ́ọ̀sì ni mo máa ń pè wọ́n, n ò rí ọ̀rọ̀ tó dáa jù ú lọ: ojú ló ń wòran, ojú náà la sì ń pe ibi tí nǹkan wà gan-an, bí ojú abẹ́rẹ́, bí ojú egbò. Iye tí kámẹ́rà ní kì í dọ́gba. Canon 600D ní 9, 6D ní 11, Nikon D7000 ní 39, D750 ní 51. Ayàwòrán lè yan ọ̀kan fúnra rẹ̀, ó sì lè ní kí kámẹ́rà bá òun yàn. Bó ti wù kó jẹ́, nígbà tí fọ́tò bá wọlé, kámẹ́rà á kọ èyí tó ṣiṣẹ́ sílẹ̀.

Ibi tó ń kọ ọ́ sí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo fáìlì fọ́tò tí irú kámẹ́rà wa yìí bá kọ ló ní ìwé ìdánimọ̀ tó fi pamọ́ sínú, Exif ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ará Japan ló gbé ìlànà rẹ̀ jáde lọ́dún 1995. Ọjọ́ tí a ya fọ́tò wà níbẹ̀, bí lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó wà níbẹ̀, bí ó ṣe yára tó wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní èdè kan tí gbogbo ayé lè kà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé yẹn, yàrá kan wà tó ní ilẹ̀kùn tirẹ̀, MakerNote. Yàrá yẹn, ti ilé iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà ni. Ohun tó bá wù ú ló lè kọ síbẹ̀, bó bá sì ṣe wù ú ló lè kọ ọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ojú fókọ́ọ̀sì sábà máa ń wà. Canon ń ka ibi tí àpótí wà láti àárín fọ́tò, àárín ni òdo. Sony á kọ fífẹ̀ fọ́tò àti gíga rẹ̀ sílẹ̀ ná, kó tó wá sọ ibi tí fókọ́ọ̀sì bọ́ sí. Nikon ní ìkọ̀wé tirẹ̀. Ó dà bí ìwé gbèsè inú ṣọ́ọ̀bù: oníṣọ́ọ̀bù nìkan ló mọ ohun tí àmì tó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ túmọ̀ sí.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé sọ́fítíwíà ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló máa ń rọrùn jù láti fi wò ó. Ẹni tó ń lo Nikon, ViewNX ló ń lò tẹ́lẹ̀, NX Studio ló dé lọ́dún 2021. Sony ní Imaging Edge. Apple ní Aperture nígbà kan, òun náà máa ń fi àwọn àpótí náà hàn, ṣùgbọ́n wọ́n dáwọ́ títà rẹ̀ dúró lọ́dún 2015. Lightroom tó wà lórí láptọ́ọ̀pù mi kò fi nǹkan kan hàn. Mo ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ̀ pé ẹ̀rí ìwà mi wà nínú gbogbo fáìlì tí mo ń ṣí.

Ọkùnrin kan ní Kánádà, Phil Harvey, ló ṣí àwọn yàrá yẹn fún aráyé. Lọ́dún 2003 ló gbé ExifTool jáde, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ń ka ìkọ̀wé ilé iṣẹ́ kámẹ́rà lónírúurú. Kò rẹwà láti wò. Ojú dúdú lásán ni, èèyàn á tẹ ọ̀rọ̀ sí i, ó sì máa dá ọ̀rọ̀ pa dà, ìlà lórí ìlà. Àwọn mìíràn ló wá fi í ṣe ìpìlẹ̀, tí wọ́n ṣe àfikún tó ń wọ inú Lightroom, tó sì ń ya àpótí náà sórí fọ́tò kí ojú lè rí i. Ọmọṣẹ́ mi fi ExifTool sórí láptọ́ọ̀pù mi lọ́sẹ̀ kejì. Ó ní kó máa ka ojú fókọ́ọ̀sì gbogbo fáìlì tó wà nínú òde kan fún wa. A jókòó, à ń wò ó. Nọ́ńbà kan náà ló ń jáde, fáìlì lẹ́yìn fáìlì, bí ẹni tí wọ́n bi ní ogún ìbéèrè tó ń dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo rẹ̀. Àárín. Àárín. Àárín.

(Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, fáìlì tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ kọ ni kí ẹ lò. Ọmọ náà fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́jọ́ kan pé kí n bá òun wo ibi tí fókọ́ọ̀sì òun bọ́ sí. WhatsApp ti fọ gbogbo ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ dànù kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo fi wákàtí kan wá àpótí tí kò sí níbẹ̀.)

Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi wo àwọn òde tí mo ti yà láti ọdún méjì sẹ́yìn. Mo jókòó ti iná ínfátà, mò ń tẹ fọ́tò kan lé òmíràn, ojú ń tì mí díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe ìyá ìyàwó nìkan. Àpótí pupa yẹn ti wọ àyà àlùfáà, ó ti wọ ìgò ọtí tó wà lórí tábìlì, ó ti wọ abẹ̀bẹ̀ nígbà tí ẹni tó ni abẹ̀bẹ̀ ń fẹ́ ara rẹ̀. Fọ́tò kan wà tí ọkọ àti ìyàwó ń jó, tí ẹbí ń náwó fún wọn: owó Igba Náírà kan tó ń já bọ́ ló mú kedere, ìyókù dà bí àlá. Wọ́n fẹ́ràn fọ́tò yẹn o! Wọ́n gbé e sí Facebook, wọ́n ní ayàwòrán wọn gbóná. Èmi nìkan ló mọ̀ pé n ò rí owó yẹn rárá nígbà tí mo tẹ bọ́tìnnì.

Kí ló dé tó fi jẹ́ gèlè ni kámẹ́rà fẹ́ràn tó báyẹn? Ohun tí mo rò tẹ́lẹ̀ ni pé fókọ́ọ̀sì ń wá èèyàn. Kámẹ́rà mi ò mọ èèyàn bí mo bá ń wò láti inú ihò ìwòran rẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn bá ti pààlà ló ń wá, ìlà tó là gbọ̀ọ̀rọ̀, etí nǹkan. Ẹ wá wo ojú obìnrin tí wọ́n ti kùn fún òde: páńkéèkì ti tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kò sí ìlà, kò sí ihò, ó ń dán bí àwo. Ẹ gbójú sókè díẹ̀ sí gèlè rẹ̀: ìṣẹ́po lórí ìṣẹ́po, okùn wúrà, òjìji láàárín wọn. Bí ojú fókọ́ọ̀sì bá fi ìdajì kan iwájú orí tó sì fi ìdajì kan gèlè, gèlè ló máa mú. Àyè tí kámẹ́rà ń wò gan-an tún máa ń ju àpótí tí wọ́n yà fún wa lọ, nítorí náà èèyàn lè rò pé ìpéǹpéjú ni òun wà kí gèlè ti jí i gbé.

Ìyẹn gan-an kì í bá tó ìṣòro bí lẹ́ǹsì ò bá ṣí sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: bí lẹ́ǹsì bá ṣe ń ṣí sí i ni ibi tó máa mú ń kéré sí i. Lẹ́ǹsì 85mm ní f/1.8, bí ẹni tí mo ń yà bá wà ní mítà méjì sí mi, gbogbo ibi tó máa mú láti iwájú dé ẹ̀yìn kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lọ. Ìbú ìka mẹ́ta nìyẹn. Ìdajì rẹ̀ á wà níwájú ibi tí mo mú, ìdajì á wà lẹ́yìn. Etí gèlè tó yọ síwájú sì ju ìka kan àbọ̀ lọ sí ojú tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìṣirò yẹn pé. Kò sí ibi tí lẹ́ǹsì ti jẹ̀bi nínú rẹ̀.

Olóògbé J.D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán tó ṣiṣẹ́ nínú yàrá dúdú tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ní ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba n'Íbàdàn lọ́dún 1954, lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ láti ya irun dídì àti gèlè. Ẹ̀yìn orí ló yà nínú ọ̀pọ̀ wọn, o ò ní rí ojú ẹni náà rárá, gbogbo ìlà irun á mú bí ẹni pé abẹ ni wọ́n fi là á. Mo máa ń fi ìyẹn tu ara mi nínú nígbà míràn. Ṣùgbọ́n òun mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Àṣà àárín yẹn, mo mọ ibi tí mo ti kó o. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní òfin díẹ̀, èyí sì ni wọ́n tẹnu mọ́ jù: "Àárín ni kó o gbẹ́kẹ̀ lé. Fi àárín mú un, kó o wá yí kámẹ́rà sí ibi tó o fẹ́." Ká sòótọ́, lórí 6D, òfin yẹn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Nínú ojú mọ́kànlá rẹ̀, ti àárín nìkan ló jẹ́ àgbélébùú, tó lè rí ìlà tó dúró àti èyí tó dùbúlẹ̀. Ìlà ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́wàá yòókù mọ̀ ọ́n rí. Canon ní ti àárín yẹn lè ríran dé −3 EV, ìmọ́lẹ̀ òṣùpá ni ká pè é. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti pa iná kí ìyàwó lè jó wọlé, àárín ló máa gbà ọ́, àwọn tó kù á máa wá ọ̀nà kiri. Ohun tí mi ò ṣe ni apá kejì òfin náà. Mo ń fi àárín mú un, n kì í yí i. Tàbí kí n yí i jù. Òde ń pariwo, MC ń pe ẹbí ọkọ, àwọn ayàwòrán wéètì-áńdì-gẹ́ẹ̀tì ń tì mí lẹ́yìn. Ta ló ráyè rántí apá kejì òfin?

Fún bí oṣù mẹ́fà, mo sọ àpótí pupa yẹn di adájọ́. Bí a bá ti òde dé, kí a tó jẹun, a ti ń yẹ fáìlì wò. Èyí tí àpótí rẹ̀ bá wọ ojú, ó yè. Èyí tí kò bá wọ̀ ọ́, a pa á rẹ́. A pa fọ́tò púpọ̀ báyẹn.

Àfi ọjọ́ tí ọmọṣẹ́ mi fẹ́ pa èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú òde kan. Ọkọ àti ìyàwó dúró, àlàfo kékeré wà láàárín wọn, ìyàwó ń wò wá, ọkọ ń wo ìyàwó. Ọmọ náà ní, "Ọ̀gá, eléyìí wọ ògiri." Òótọ́ ni, àpótí pupa wà lórí ògiri ẹ̀yìn wọn, gbọnrangandan. Mo ní kó fẹ̀ ẹ́. Ó fẹ̀ ẹ́. Irun ìpéǹpéjú ìyàwó mú kedere. Ó fẹ̀ ẹ́ sí i. Ògiri ló ṣe bàìbàì.

A wo ara wa.

Ó gbà wá ní àkókò díẹ̀ kó tó yé wa, bẹ́ẹ̀ sì ni kò le. Lọ́jọ́ yẹn mo tẹ̀ lé òfin ọ̀gá mi dópin: mo fi àárín mú ojú ìyàwó, mo di bọ́tìnnì mú ní ìdajì, mo yí kámẹ́rà kí àwọn méjèèjì lè wọ inú rẹ̀, mo wá tẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà ò mọ̀ pé mo yí. Ojú àárín ló ṣiṣẹ́, ojú àárín ló kọ sílẹ̀, nígbà tí fọ́tò sì wọlé, àárín ti di ògiri. Àpótí pupa yẹn ń sọ èwo nínú àwọn ojú náà ló ṣiṣẹ́ àti ibi tó wà nínú férémù. Kì í sọ ibi tí fọ́tò mú. Ọ̀tọ̀ ni kí ẹlẹ́rìí wà níbi ìṣẹ̀lẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kó rí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Òdì kejì rẹ̀ náà wà, òun ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa ayàwòrán. Àpótí á wà lórí ojú gan-an, etí ló máa mú. Ó lè jẹ́ pé ẹni náà mi orí sẹ́yìn lẹ́yìn tí fókọ́ọ̀sì ti dì í mú. Ìka mẹ́ta ni gbogbo àyè tí a ní, ẹ má gbàgbé. Ó lè jẹ́ pé ayàwòrán fúnra rẹ̀ ló fì síwájú. Ó sì lè jẹ́ lẹ́ǹsì lóòótọ́, nítorí pé nínú kámẹ́rà onídígí bíi 6D, ibi tó ń wọn fókọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí ibi tí fọ́tò ń bọ́ sí, bí méjèèjì ò bá sì fohùn ṣọ̀kan, gbogbo fọ́tò á máa ṣí síwájú tàbí sẹ́yìn ní ìwọ̀n kan náà. 6D ní ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe nínú mẹ́nù, láti −20 dé +20. Bí o ṣe máa mọ̀ ni pé lẹ́ǹsì tó ní àrùn kì í ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ojoojúmọ́ ni, síbi kan náà. Ọwọ́ èèyàn ló ń ṣe lónìí síwájú, lọ́la sẹ́yìn.

Nígbà tí mo mọ èyí tán, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo lọ wá àwọn fáìlì àtijọ́ jáde, ti lẹ́ǹsì tí mo tà. Mo yọ gbogbo èyí tí àpótí pupa rẹ̀ wọ ojú èèyàn dájúdájú tí ẹni náà sì jókòó jẹ́ẹ́, bí àga iyì, bí ìsìn ìbùkún, mo fẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú mú. Ìkejì, ojú mú. Mo wò tó ogójì. N ò rí ẹyọ kan tó ṣí síwájú tàbí sẹ́yìn.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù. Mo ní ṣé ó ṣì ń lo lẹ́ǹsì yẹn. Ó ní òun lòun fi ya ìgbéyàwó àbúrò mi, ṣé mo ti gbàgbé ni? N ò gbàgbé. Fọ́tò yẹn wà lórí ògiri ilé ìyá mi, ojú gbogbo ẹbí wa mú bí abẹ. Mo ní èló ló máa gbà lọ́wọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá dá owó tó ju ìlọ́po méjì ohun tó san fún mi lọ. Mo ní kó gbádùn rẹ̀.

Ọmọṣẹ́ mi ti gba fìrídọ̀ọ̀mù, ó ti di ọ̀gá ara rẹ̀. Kámẹ́rà tí kò ní dígí ló ń lò báyìí, èyí tó ń wá ojú èèyàn fúnra rẹ̀, tí àpótí rẹ̀ ń tẹ̀ lé ẹyinjú kiri bí eṣinṣin. Orí ibi tí fọ́tò ń bọ́ sí náà ni irú wọn ti ń wọn fókọ́ọ̀sì, nítorí náà èdè àìyedè ti àtijọ́ ti dín kù. Canon tiẹ̀ ṣe R3 lọ́dún 2021 tó ń wo ojú ayàwòrán: ibi tí o bá wò nínú ihò ìwòran ni fókọ́ọ̀sì á lọ. Wọ́n ní tuntun ni, ṣùgbọ́n EOS 5 oní-fíìmù ti ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 1992. Mo bi ọmọ náà bóyá ó ṣì ń yẹ àpótí wò. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan lọ́gbọ̀n, Ọ̀gá. Bó bá jẹ́ gúrúùpù." Ó fi ọ̀kan hàn mí. Ẹbí mẹ́tàdínlógún, ìyàwó láàárín, àpótí ti fi gbogbo wọn sílẹ̀, ó lọ wọ ojú bùrọ̀dá kan tó yọrí wọlé látẹ̀gbẹ́, tó na fóònù síwájú, tó ń ya tirẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá mo lọ kí ọ̀gá mi. Wọ́n ti pa ṣọ́ọ̀bù dé, ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n àwọn fọ́tò àtijọ́ ṣì wà lára ògiri pálọ̀ wọn, dúdú òun funfun. Mo gbé láptọ́ọ̀pù dání, mo fẹ́ fi àpótí pupa hàn wọ́n. Wọ́n gbé ojú sún mọ́ ọn, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ṣé ó ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, Sà."

"Háà. Ayé yín le o."

Mo wá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ àárín. Mo ní kí ló dé tó jẹ́ àárín ni wọ́n kọ́ wa. Wọ́n wò mí bí ẹni tó béèrè ìdí tí a fi ń fi ẹsẹ̀ rìn. Wọ́n ní kámẹ́rà tí àwọn fi kọ́ṣẹ́, òbìrí kékeré kan wà nínú ihò ìwòran rẹ̀ tó gé nǹkan sí méjì. Èèyàn á máa yí lẹ́ǹsì títí ìdajì òkè àti ìdajì ìsàlẹ̀ á fi pàdé. Bí o bá fi sí ìlà imú, imú á gé, wàá yí i títí imú á fi jọ imú. Àárín nìkan ni òbìrí yẹn wà. Kò síbòmíràn tí wọ́n lè fi wò. Òfin tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí wá, inú gíláàsì kámẹ́rà kan tí n ò fọwọ́ kàn rí ló ti wá.

Mo ní, "Ojú lẹ máa ń mú nígbà náà, àbí, Sà?"

Wọn ò dáhùn. Wọ́n dìde, wọ́n di ògiri mú, wọ́n lọ já fọ́tò kan sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi etí agbádá nu eruku rẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó sórí àga, rédíò wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ òsì sórí orúnkún, ó ká apá agbádá sókè. Ojú rẹ̀ kò mú púpọ̀. Mo rò pé ó mi orí ni. Ọ̀gá mi fi ìka tọ́ fọ́tò náà, wọn ò wò ó, ìka wọn mọ ibi tó ń lọ. Ọrùn ọwọ́ òsì ni ó dúró sí.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra aago ni," ni wọ́n wí. "Ó ní kí n jẹ́ kí aago òun hàn."

Mo gba fọ́tò náà, mo gbé e lọ sójú fèrèsé. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.